Fún Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ń Mú Ọmọ Lọ Pẹja Lọ́sà Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi, ara àkọ́bí ni bàbá ti máa ń le jù. Láti ìdájí títí oòrùn á fi kanrí, ọmọ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ẹja tó bá sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ á di ẹjọ́. Tó bá fi máa di ọmọ kẹta, bàbá kan náà ló ń gbé oúnjẹ sọ́kọ̀, tí kì í bèèrè iye ẹja tí wọ́n pa. Ẹ má dúró di ọmọ kẹta.

Orí ìwọ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu epìyà kéré. Tẹ́ ẹ bá so ìwọ̀ àrọ̀ fọ́mọ, ẹja á jẹ ìdẹ tán, ẹ ó sì máa bá ọmọ wí lásán. Nọ́ńbà 10 tàbí 12 ló dáa (bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ ni ìwọ̀ ń kéré). Ẹ gé ekòló mọ níwọ̀n, kó bo ìwọ̀, kó má rọ̀ dirodiro. Ìdí tó bá ń rọ̀ yẹn lẹja máa ń já jẹ.

Tí ohun tó léfòó lára okùn ìwọ̀ bá kàn ń mì, ẹja ṣì ń tọ́ ìdẹ wò ni. Ìgbà tó bá rì ni kọ́mọ gbé ọ̀pá sókè wọ́ọ́rọ́wọ́. Fífà tipátipá ló ń ya ètè epìyà. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ bàbá ti ń pariwo, ariwo yẹn ló sì ń já ọmọ láyà tó fi ń fà á tipátipá.

Ti obokún yàtọ̀. Ẹ̀gún mẹ́ta ló ní: ọ̀kan lẹ́yìn, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ yọ ọ́ lẹ́nu ìwọ̀, kẹ́ ẹ ki ìka sẹ́yìn ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kẹ́ ẹ tó dì í mú.

Ẹ má rọ̀ rárá lórí láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Ti ọmọdé ni kọ́mọ wọ̀; ti àgbà á gba orí rẹ̀ bọ́ nínú omi. Láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, tí ìlà-oòrùn bá ti ṣú dùdù, ẹ tètè padà sí èbúté. Ìjì ìgbà yẹn kì í dúró de ẹni tó ń ká okùn.

Wákàtí méjì tó fọ́mọ ọdún méje. Tó bá ti ń fọwọ́ bu omi ṣeré, ó ti sú u nìyẹn. Ẹ yà sọ́jà ẹja Olúwo, kẹ́ ẹ ra èyí tẹ́ ẹ máa sè. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, àfi kẹ́ ẹ ná an dáadáa.