Owó Ìtọ́jú ní Nàìjíríà, Àṣẹ Ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ fún mi lórí fóònù lóṣù tó kọjá pé ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà, tó sì ní adójútòfò ìlera, kò lè mọ ìyà tó wà nínú àìsàn. N kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Ti Nàìjíríà kò gba àlàyé. A ó ra káàdì, a ó san àsansílẹ̀, a ó ra abẹ́rẹ́ àti ìbọ̀wọ́. Òfin ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn, síbẹ̀ àpò ara ẹni ni ọ̀pọ̀ jù lọ wa ṣì fi ń tọ́jú ara.

Amẹ́ríkà ni a ti yá ètò HMO lò, ìyẹn ilé iṣẹ́ adójútòfò tó ń darí ìtọ́jú àti owó rẹ̀. Nígbà tí ààrẹ Nixon fọwọ́ sí òfin tó gbé e lárugẹ ní ọdún 1973, ohun tó ń kọ wọ́n lóminú ni pé bí dókítà bá ṣe ń ṣe púpọ̀ sí i fún aláìsàn ni owó rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Wọ́n wá fi ilé iṣẹ́ adójútòfò sí àárín, kí ó máa bá ilé ìwòsàn ná owó, kí ó yan àwọn tí a lè lọ, kí ó sì máa béèrè bóyá ìtọ́jú kan pọn dandan kí ó tó sanwó. Ó dín eré tí owó ìtọ́jú ń sá kù láàárín ọdún 1990 sí 2000, n kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ní àkókò kan náà ni wọ́n ń tètè lé ìyálọ́mọ lọ sílé, títí òfin ọdún 1996 fi ní kí wọ́n má fi ìsanwó fún ìdúró rẹ̀ ní ilé ìwòsàn mọ sí ohun tó kéré sí wákàtí 48, tàbí 96 fún ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún.

Orúnkún mi ló kọ́ mi ní èyí tó kù. Dókítà ní kí n lọ ya àwòrán MRI, èyí tí ẹ̀rọ fi ń wo inú ara. Ilé iṣẹ́ adójútòfò mi ní kí n kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣe ìdárayá. Mo ṣe é, orúnkún sì ń wú sí i. Wọ́n tún kọ̀, wọ́n ní ìwé kan kò pé, ó sì di dandan kí dókítà mi pe dókítà mìíràn tí wọ́n gbà síṣẹ́, ẹni tí kò fojú kan ẹsẹ̀ mi rí, kí ó tó yọ̀ǹda. Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo orúnkún tó ń dunni ló nílò ẹ̀rọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé lórí ìwé, èyí tó nílò rẹ̀ àti èyí tí kò nílò rẹ̀ jọ ara wọn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, èmi náà ni mo san púpọ̀ nínú owó àwòrán náà, nítorí pé n kò tíì san iye tí mo gbọ́dọ̀ dá san lọ́dún kí wọ́n tó dá sí i. Lẹ́tà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ tilẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà pé ìwé owó kọ́ nìyí. Ìwé owó gan-an tẹ̀ lé e.

Ẹ̀gbọ́n mi ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n máa bọ̀ nílé. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n rántí alẹ́ tí a gbé bàbá wa dé ilé ìwòsàn kan, tí wọ́n ní àfi kí a mú àsansílẹ̀ wá. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n sáré lọ yá a ládùúgbò. Níhìn-ín, láti ọdún 1986, ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀ka pàjáwìrì, tó sì ń gba owó Medicare, adójútòfò ìlera tí ìjọba ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà, gbọ́dọ̀ yẹ aláìsàn wò, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀, láìkọ́kọ́ béèrè owó, bí gbèsè tilẹ̀ máa dé nígbà tó bá yá. Ìyẹn ni mo fi ń fara da ìyà tibí.

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá béèrè orúnkún mi. Mo ní iṣẹ́ abẹ ló kàn, àṣẹ rẹ̀ kò sì tíì dé. Ọjọ́ Ajé ni n ó tún pe ilé iṣẹ́ adójútòfò náà.