Sítáǹpù Márùn-ún Tí Mo Gbé Lọ sí Berlin

Ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, mo kó sítáǹpù márùn-ún sínú ìwé tí mo máa ń tọ́jú wọn sí, mo wọ ọkọ̀ òfuurufú ní London, mo sì forí lé Berlin. Sítáǹpù wọ̀nyí kò wọ́n. Owó tí mo fi rà wọ́n lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń pàtẹ ọjà àlòkù kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Ìlà-Oòrùn Jámánì ni ó tẹ̀ wọ́n jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1990, nígbà tí ó ku bí oṣù mẹ́fà kí orílẹ̀-èdè náà dópin, kí ó sì di ọ̀kan pẹ̀lú Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì. Iye tó wà lára wọn jẹ́ pfennig (owó kékeré Jámánì) 10, 25, 35, 50 àti 85, eegun dáínósọ̀ ni ó sì wà lára gbogbo wọn.

Láti ìgbà tí Ṣáínà ti gbé eegun Lufengosaurus sórí sítáǹpù fen 8 ní ọdún 1958 ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti ń tẹ sítáǹpù dáínósọ̀, títí kan àwọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì wa eegun dáínósọ̀ rí nínú ilẹ̀ wọn, tó jẹ́ pé torí àwa tí a ń kó o jọ nìkan ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Díẹ̀ nínú irú wọn wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n wọn kì í wọ̀ mí lọ́kàn. Márùn-ún tí mo ń sọ yìí yàtọ̀, nítorí pé àwọn eegun tí a yà sára wọn wà lóòótọ́, inú mùsíọ́mù kan náà ni wọ́n sì wà, ìyẹn Museum für Naturkunde ní Berlin. Ohun tó tún jẹ mí lógún jùyẹn lọ ni pé ilẹ̀ Áfíríkà ni gbogbo wọn ti wá, láti òkè Tendaguru ní gúúsù Tanzania.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń kàwé ní Berlin, ni ó wá pàdé mi. A wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, U6, a sì sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tí orúkọ mùsíọ́mù náà wà lára rẹ̀. Láti ọdún 1961 tí wọ́n ti mọ odi tó pín ìlú náà sí méjì, ọkọ̀ tó ń ti Ìwọ̀-Oòrùn bọ̀ máa ń gba abẹ́ ilẹ̀ Ìlà-Oòrùn kọjá níbẹ̀ láìdúró, tí ibùdókọ̀ náà sì wà ní títì pa. Ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1990 ni wọ́n tún un ṣí. Nígbà tí sítáǹpù mi jáde, èrò ọkọ̀ kò tíì lè sọ̀ níbi tí èmi ti sọ̀ wẹ́rẹ́ yẹn.

Nígbà tí a wọ gbọ̀ngàn ńlá náà, n kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo mú sítáǹpù pfennig 50 dání, èyí tí kò tóbi ju àtàǹpàkò mi lọ, mo sì gbójú sókè wo eegun tí ó dúró ní mítà 13.27. Brachiosaurus ni wọ́n pè é lára sítáǹpù. Lóde òní, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti yà á sọ́tọ̀, wọ́n sì ń pè é ní Giraffatitan. Láyé ìgbà tí wọ́n tẹ sítáǹpù náà, ìrù rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún un tò ní ọdún 2007, wọ́n gbé ìrù náà sókè, wọ́n sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọọrọ lábẹ́ ara. Orí rẹ̀ ga débi pé n kò rí i dáadáa láti ìsàlẹ̀. Sítáǹpù pfennig 85, tó fi agbárí nìkan hàn, ni mo fi awò wò kí n tó mọ bí ihò imú rẹ̀ ṣe wà lókè orí. A tún rí Dicraeosaurus, a rí Kentrosaurus tí eegun ẹ̀yìn àti ti ìrù rẹ̀ mú ṣóńṣó, a sì rí Dysalotosaurus kékeré tí ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn.

Níbẹ̀ ni ọmọ náà ti bi mí pé, "Àǹtí mi, báwo ni wọ́n ṣe gbé e dé ibí?"

Orí ni wọ́n fi rù ú. Láàárín ọdún 1909 sí 1913, nígbà tí Jámánì ń jọba lé ibẹ̀ lórí, àwọn ará Áfíríkà tí iye wọn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni ó wa eegun tí ìwọ̀n rẹ̀ lé ní 200 tọ́ọ̀nù. Wọ́n fi ọparun di àwọn eegun ńlá kí wọ́n má baà fọ́, wọ́n sì rìn bí ọjọ́ mẹ́rin dé èbúté Lindi, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti gbé ẹrù náà. Ọjọ́ kò sì tíì jìnnà sí ogun Maji Maji ti ọdún 1905 sí 1907, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ fi dìde sí ìjọba Jámánì, tí ìyàn tó tẹ̀ lé e pa àìmọye ènìyàn lágbègbè yẹn. Èmi tí ìyá ìyá mi fi òṣùká ru iṣu wá láti oko mọ bí ọrùn ṣe ń rí lẹ́yìn ìrìn ọjọ́ kan, ká má tíì sọ ti mẹ́rin.

Kò sí ìkankan nínú àwọn arẹrù wọ̀nyí lára sítáǹpù márààrún. Èyí dùn mí, nítorí ọ̀kan nínú wọn kò yẹ ní ẹni ìgbàgbé: Boheti bin Amrani, olórí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wa eegun, ẹni tí mímọ̀-ọ́n-ṣe rẹ̀ gbé iṣẹ́ náà ró. Ní ọdún 2007, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ dáínósọ̀ mìíràn láti Tendaguru, Australodocus bohetii. N kò tíì rí dáínósọ̀ yẹn lára sítáǹpù orílẹ̀-èdè kankan, mo sì ń wá a.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nínú yàrá tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi mí sí, mo fi ẹ̀mú dá sítáǹpù kọ̀ọ̀kan padà sí àyè rẹ̀. Àyè díẹ̀ ṣẹ́ kù ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà. Mo tọrọ pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀: Boheti bin Amrani, Tendaguru.