Èéfín gba ojú fóònù mi

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Texas sọ̀rọ̀ fídíò tán ni. Èmi rèé nínú yàrá mi ní Kubwa, àwọn wà ní pápá tí wọ́n ti ń yìnbọn ṣeré. Ìbọn ìléwọ́ ni wọ́n mú dání, ọta tí wọ́n fọwọ́ ara wọn dì nílé ni wọ́n kì sí i. Gbàù! Ojú fóònù funfun báláú. Mo kọ́kọ́ rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa yìí ló tún ṣe tiẹ̀ ni, àfi ìgbà tí mo gbọ́ ikọ́ wọn.

Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ̀tù yẹn mà pọ̀ jù o." Wọ́n ní kì í ṣe ẹ̀tù, gírísì tí wọ́n fi ra ara òjé tó wà lórí ọta ló ń jóná. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ò lo gírísì, ó kun òjé tiẹ̀ lọ́dà bí ẹni kun mọ́tò ni, èéfín tiẹ̀ ò ju ti sìgá lọ.

Ṣakabùlà bàbá wa àgbà ni mo rántí. Ti ìyẹn, ẹ̀tù dúdú gan-an ló ń rú u, òórùn rẹ̀ á sì wà lára agbádá wọn di ọjọ́ kejì.

Ta ló ti dúró níbi ìsìnkú ọdẹ rí, tí èéfín ò jẹ́ kó rí ẹni tó wà níwájú rẹ̀?