Gbohùngbohùn látinú jípúsọ̀mù: ibi tí mo bá iṣẹ́ dé

Alẹ́ kìíní. Ètò kọ̀ǹpútà tí mo kọ láti fi ṣe àfarawé NMR (ọ̀nà tí a fi ń lo òòfà àti ìgbì rédíò láti tẹ́tí sí àárín átọ́ọ̀mù) nínú nǹkan líle ti ń ṣiṣẹ́. Jípúsọ̀mù, òkúta rírọ̀ kan, ni mo mú, torí háídrójìn méjì tó wà nínú omi tó há sínú rẹ̀ súnmọ́ra gan-an. Spin kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àárín háídrójìn kọ̀ọ̀kan, dà bí òkòtó tó tún jẹ́ òòfà, ó ń ti èkejì rẹ̀ pẹ̀lú agbára nǹkan bí 30 kHz. Nínú ìyẹ̀fun, hóró kọ̀ọ̀kan ló kọjú síbi tó wù ú, nítorí náà mo ṣírò ìdojúkọ 1,000, mo sì pa èsì wọn pọ̀. Lẹ́yìn pulse 90° (ìgbì rédíò kúkurú tó ń yí spin ní 90°), gbogbo wọn jọ gbẹ́sẹ̀ ijó. Ní nǹkan bí máíkrósẹ́kọ́ǹdì 16, ẹsẹ̀ ti dàrú, àmì tí kóìlì (wáyà tí a ká) ń gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wọn ti wálẹ̀ dé òdo.

Alẹ́ kejì. Mo gbìyànjú gbohùngbohùn Hahn ti 1950, ọgbọ́n tó ń mú àmì tó ti kú padà wá: 90°, ká dúró díẹ̀, 180°. Kò sí ohun tó padà. Pulse 180° ń yí spin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí ọ̀kan sì ń ṣe sí èkejì kì í yàtọ̀ bí àwọn méjèèjì bá jọ yí.

Alẹ́ karùn-ún. Ọgbọ́n tí Powles àti Mansfield gbé jáde ní 1962 ni mo yà sí: 90° méjì. (Mansfield yìí náà ló gba ẹ̀bùn Nobel ní 2003 nítorí MRI, ọ̀nà tí a fi ń ya àwòrán inú ara.) Mo gbàgbé láti yí ìhà pulse kejì padà, méjèèjì wá láti ìhà x, àmì sì di òdo pátápátá. Mo jókòó ti bébà títí ilẹ̀ fi ṣú gan-an kí n tó rí i: pulse náà ti gbé àmì tó kù dúró ṣánṣán, ó sì sọ ìyókù di irú èyí tí kóìlì kò lè gbọ́. Mo yí i sí y. Àmì tó wà lórí y kò mira, ìdàrúdàpọ̀ àárín spin méjèèjì nìkan ló yí sódì, ó wá ń tú ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn máíkrósẹ́kọ́ǹdì 40, ìlà náà gòkè padà dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Mo pariwo.

Alẹ́ kẹjọ. Spin mẹ́fà ni mo lò báyìí, ipò 64 ni wọ́n sì lè wà lápapọ̀. Gbohùngbohùn ṣì ń yọ, àmọ́ bí mo ṣe ń fi àkókò kún un ló ń kéré sí i, torí pulse méjì kò lè tú gbogbo ohun tí spin mẹ́fà lọ́ mọ́ra. WAHUHA ti 1968, ọ̀wọ́ pulse tó ń dín bí spin ṣe ń ti ara wọn kù, ló kàn. Pulse 90° mẹ́rin rẹ̀ ti wà nínú ètò náà báyìí. Máíkrósẹ́kọ́ǹdì 3 ni mo máa fi sí àárín wọn.