Irun ìrù ẹṣin, okùn mẹ́rin

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, alẹ́.

Ẹ̀yìn ìka mi ṣì ń ta mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ohun èlò tí a fi ṣeré lónìí kò ní pákó tí èèyàn lè tẹ okùn mọ́. Èèyàn á jókòó, á gbé e lé itan, á ti ọwọ́ òsì bọ ihò tó wà lókè rẹ̀, á máa fi ẹ̀yìn ìka kan okùn láti ẹ̀gbẹ́, nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún bá ń fa ọ̀pá rẹ̀ lọ, tó ń fà á bọ̀. Talharpa ni wọ́n ń pè é. Okùn rẹ̀ mẹ́rin, irun ìrù ẹṣin ni. Irun ìrù ẹṣin náà ló wà lára ọ̀pá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, mo pariwo pé, "Gòjé rèé!" Kò sí ẹni tó yé nínú wọn.

Erékùṣù Vormsi la wà, ní etí òkun Baltic, ní Estóníà. Láti Rohuküla la ti wọ ọkọ̀ ojú omi, kò sì tó wákàtí kan tí a fi gúnlẹ̀ sí Sviby. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni àwọn tó ń sọ èdè Swídìn fi gbé ibí, tí wọ́n ń pẹja, tí wọ́n ń dáko. Talharpa ni wọ́n ń fi jó níbi ìgbéyàwó. Ní 1873, oníwàásù kan, Lars Johan Österblom, wá bá wọn láti Swídìn. Ìwàásù rẹ̀ wọ̀ wọ́n lára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ijó sílẹ̀, tí wọ́n sì dáná sun talharpa wọn. Mo dúró nínú oko níbí lónìí, mo ń rò ó: ta ló kọ́kọ́ ju tirẹ̀ sínú iná? Ṣé ó wẹ̀yìn? Nígbà tó di 1944, tí àwọn ọmọ ogun Sófíẹ̀tì ń bọ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti bọ́ sínú ọkọ̀, wọ́n ti sá lọ sí Swídìn.

Òdìkejì òkun ni ìgbàlà ti wá. Otto Andersson, ọmọ erékùṣù Åland ní Fínlándì, tí òun náà ń sọ èdè Swídìn, wá síbí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, nígbà tí àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ta ṣì wà láyé. Ó kọ orin wọn sílẹ̀, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1923. Ìwé náà la tún ń wò lónìí.

Àwa márùn-ún la pé jọ nínú ilé oko kan. Ọ̀rẹ́ mi láti Helsinki gbé jouhikko wá, ọmọ ìyá talharpa tí àwọn ará Karelia, ní ààlà Fínlándì àti Rọ́ṣíà, ń ta, okùn mẹ́ta. Ará Swídìn kan wà níbẹ̀ tí ìyá ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó sá ní 1944. Odindi wákàtí kan ló lọ lórí kí ohùn wa lè bára mu. Okùn kan tàbí méjì ló ń kọ orin, àwọn yòókù ń gbè é lábẹ́ láìdákẹ́, nítorí náà bí elégbè tèmi bá ta ko tìrẹ, ariwo lásán ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlù ẹsẹ̀ tún di ọ̀rọ̀. Ará Swídìn ní polska, ijó ilẹ̀ wọn, ni orin náà, ará Estóníà ní labajalg, ijó tiwọn, ni. Mẹ́ta mẹ́ta ni àwọn méjèèjì ń kà, àmọ́ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń wúwo kò dọ́gba. Kò sẹ́ni tó gbà fún ẹnì kejì. Nígbà tó yá, obìnrin ará Swídìn náà dìde, ó jó o bí ìyá ìyá rẹ̀ ṣe ń jó o nínú yàrá ìdáná wọn. A tẹ̀ lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Bàbá bàbá mi ta gòjé ní Abẹ́òkúta nígbà tí sákárà gbòde, nígbà tí Yusuf Ọlátúnjí ń ṣe àwo lórí àwo. Bàbá kò ṣe àwo kankan. Nígbà tí wọ́n ti Mẹ́kà dé, àwọn kan sọ fún wọn pé Àlùhájì kì í ta gòjé, wọ́n sì gbé e kọ́ sí àjà. Kí n tó gbọ́njú, ikán ti jẹ igbá rẹ̀. Kò sí Andersson tó wọkọ̀ wá gbọ́ tiwọn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi pe Bàbá Kékeré ní aago mẹ́wàá ku díẹ̀, tí oòrùn ò tíì wọ̀ níbí.

"Ẹ kú alẹ́, sà. Ṣé ẹ rántí orin tí bàbá máa ń fi ṣí agbo?"

"Ìwọ ọmọ yìí, kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kàn kùn ún fún mi."

Wọ́n wúkọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mo ti tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Wọ́n dé àárín, wọ́n dákẹ́.

"Dúró ná. Kò rí bẹ́ẹ̀." Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ láti òkè.