Máàpù àti ọ̀rẹ́ awakọ̀

Ọjọ́bọ̀, alẹ́

Ìmọ̀ràn ẹ̀rọ ni mo ń rò láti ọ̀sán. A kì í dárí àṣìṣe jì í bí a ṣe ń dárí jì èèyàn.

Mo wọ takisí láti Ọjọ́ta lọ sí Yábà. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Anthony, máàpù orí fóònù ní ká yà sí Gbàgádà, ká gba Third Mainland, ká sọ̀kalẹ̀ ní Adékúnlé. Bọ̀ọ̀dá awakọ̀ kọ̀. "Àǹtí, nǹkan yìí ti gbé mi wọ inú àdúgbò tí kò lójú ọ̀nà rí. Mi ò gbà á gbọ́ mọ́." Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Fádèyí, ìyẹn ní ọ̀nà dá. A dé Palmgrove, ọkọ̀ kò lè mira. Mo ní, "Ọ̀rẹ́ yín ńkọ́?" Ó ní, "Kò mọ̀ọ́mọ̀, ẹ ṣáà mọ ọ̀nà Èkó." Ló bá tún pè é, kó sọ ibi tí a lè yà sí.

Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2015, olùwádìí kan, Berkeley Dietvorst, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn èèyàn sọ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe máa ṣe sí níléèwé. Owó wà nídìí ẹ̀, wọ́n sì lè fara ti ìṣirò kọ̀ǹpútà tàbí òye èèyàn. Àwọn tó ti wo kọ̀ǹpútà lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n rí i tó ń ṣì í, ni wọ́n sá fún un jù, kódà nígbà tí wọ́n rí i pé ó sàn ju èèyàn lọ. Ìwádìí wọn mìíràn tó jáde ní 2018 ló wọ̀ mí lára: bí àwọn èèyàn bá ti lè fi díẹ̀ kún iye tí ẹ̀rọ sọ, tàbí kí wọ́n yọ díẹ̀ kúrò, wọ́n á gbà á.

Ohùn là ń fẹ́, kí àwa náà lè dá sí i. Awakọ̀ lè bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣó dá ẹ lójú?" Ta ló ń bi máàpù?

Ti ọ̀nà ṣì kéré. Àwọn kan ń yáni lówó lórí fóònù báyìí, ẹ̀rọ ló ń pinnu ẹni tó máa rí i gbà. Ìyá aláṣọ tí mo lọ bá ní Yábà bèèrè, wọ́n kọ̀ fún un, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ìdí. Bẹ́ẹ̀, òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí èèyàn dá sí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, kó sì takò ó. Mi ò rántí sọ ọ́ fún ìyá náà lọ́sàn-án. Màá pè wọ́n láàárọ̀ kí ọjà tó gbóná.