Ọjọ́ Tí Mo Pàtẹ Ara Mi ní Shanghai

Ìgbéraga Yorùbá ló kó bá mi. Àwọn ará Amẹ́ríkà àti Jámánì tí a jọ wà ní kíláàsì a máa làágùn lórí ohùn mẹ́rin tí èdè Ṣáínà ní, èmi á fẹ̀yìn tì, màá máa rẹ́rìn-ín sínú. Ẹni tó ti mọ igbá yàtọ̀ sí ìgbà, tó mọ igba yàtọ̀ sí igbà láti kékeré, kí ni mā, má, mǎ, mà fẹ́ fi ṣe é? Mo ti yege ìpele 5 nínú HSK, ìdánwò ìmọ̀ èdè Ṣáínà, mo sì ti pinnu pé ìwé atúmọ̀ èdè wà fún àwọn tí etí wọn di.

Ní kíláàsì àwọn tó ti gòkè yìí, a ti kọjá "ẹ káàárọ̀" àti "èló ni ápù". Ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn nílùú ni Lǎoshī, olùkọ́ wa, máa ń jù sáàárín ká fi jiyàn: iṣẹ́ 996, ìyẹn aago 9 àárọ̀ sí aago 9 alẹ́, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, owó ilé tó ga, àti shèngnǚ, orúkọ burúkú tí wọ́n ń pe obìnrin tó ti lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún 25 tí kò tíì lọ́kọ. Shèng yẹn kan náà ni wọ́n ń lò fún oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù sínú abọ́. Ọmọbìnrin Brazil kan fi ìbínú sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Èdè Ṣáínà ẹ̀ kò já gaara tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ìgbéyàwó ló kàn. Lǎoshī ní kí kálukú kọ ìkéde ara ẹ̀ bí àwọn òbí ṣe ń kọ ọ́ fún ọmọ wọn ní Rénmín Gōngyuán, ọgbà ńlá tó wà láàárín gbùngbùn Shanghai. Mo kọ tèmi: ọkùnrin, 1990, mítà 1.83, ó ń ka másítà. Wọ́n wá ní ká lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ká fọ̀rọ̀ wá ẹni mẹ́ta lẹ́nu wò.

Ọjà ni ibẹ̀ o, ọjà gidi. Lópin ọ̀sẹ̀, àwọn ìyá àti bàbá á wá pàtẹ ọmọ wọn. Wọn kì í mú ọmọ dání. Ọmọ mìíràn ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti pàtẹ òun. Wọ́n á ṣí agbòjò sílẹ̀, wọ́n á so bébà mọ́ ọn: ọdún ìbí, gíga, ìwé tó kà, owó oṣù, bóyá ó nílé, bóyá ó ní hùkǒu Shanghai, ìwé tó ń fi hàn pé onílùú ni. Ìyá á wá jókòó sẹ́yìn agbòjò bí ìyá aláta. Lǎoshī ti ṣàlàyé gbogbo èyí ní kíláàsì. Fóònù ni mo ń tẹ̀ nígbà náà.

Òjò pa mí láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin dé ọgbà, agbòjò ò gbà mí sílẹ̀. Bó ṣe dá, mo ṣí agbòjò náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kó lè gbẹ. Bébà iṣẹ́ àṣetiléwá mi ti rin gbindin, mo bá fi kílíìpù há a mọ́ agbòjò kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Mo fẹ̀yìn ti igi, mo ń wá bírò nínú báàgì.

Kí n tó rí bírò, ìyá mẹ́rin ti rọ̀gbà yí mi ká. Mo tẹ̀ríba, mo kí wọn bí èèyàn ṣe ń kí àǹtí: "Āyí hǎo!" Inú mi dùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sá tẹ̀lé èèyàn kiri, tèmi fẹsẹ̀ ara wọn wá! Ìyá kan tó dé fìlà pupa ka bébà mi, wọ́n yí mi po bí ẹni fẹ́ ra àgbò iléyá.

"Xiǎohuǒzi, ọ̀dọ́kùnrin, ṣé o nílé?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi nílé n'Ìbàdàn.

"Mọ́tò ńkọ́?"

Mo ní Camry bàbá mi wà ńlẹ̀.

"Ta ló ń san owó ilé ìwé?"

Bàbá mi náà ni.

Wọ́n wo ara wọn lójú. Mo rò pé ìdílé mi ló wù wọ́n. Ni mo bá rántí ọ̀rọ̀ kan tí mo fetí gbọ́ ní kíláàsì: kěnlǎozú. Kěn, kéèyàn gbà láti ṣe nǹkan. Lǎo, àgbà. Zú, ìran tàbí ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn tó gbà láti tọ́jú òbí wọn nìyẹn, kí ló tún kù?

Mo gbáyà sókè. "Āyí, kěnlǎozú ni mí. Kěnlǎozú ni bàbá mi gan-an. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí kì í bá ṣe kěnlǎozú, a kì í pè é lọ́mọlúàbí."

Ẹnu ìyá onífìlà là sílẹ̀. Mo rò pé wọn ò gbà mí gbọ́, mo bá fòwe tì í: bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. N ò mọ orúkọ òkété lédè wọn, mo pè é ní dà lǎoshǔ, eku ńlá. Baba kan tó ń jẹ guāzǐ, èso tí wọ́n ń bó èèpo rẹ̀ jẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rẹ́rìn-ín títí èèpo fi há a lọ́fun. Àwọn ìyá náà tú ká bí ẹni tí òjò tún ká mọ́ ìta. Ìyá onífìlà rọra gbá mi léjìká, wọ́n ní, "Hǎohǎo xuéxí," kí n tẹra mọ́ ẹ̀kọ́ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ka ìjábọ̀ mi sókè ní kíláàsì. Kí n tó dé ìdí eku, Lǎoshī ti dorí kodò sórí tábìlì. Nígbà tí wọ́n rí èémí mí, wọ́n kọ 肯 sójú pátákó, wọ́n kọ 啃 tẹ̀lé e. Kěn àti kěn. Ohùn kan náà, kò sí etí Yorùbá tó lè yà wọ́n. Àmọ́ ti ẹ̀yìn ní ẹnu kékeré onígun mẹ́rin kan lápá òsì: ó ń gé nǹkan jẹ, bí ajá ṣe ń họ eegun. Kěnlǎozú, àwọn géńdé tó jókòó ti òbí, tí wọ́n ń jẹ wọ́n run. Irú àna tí gbogbo agbòjò inú ọgbà yẹn ń sá fún.

Mo bẹ Lǎoshī kí wọ́n fagi lé gbólóhùn náà nínú ìwé mi. Wọ́n bi mí pé ta ni mo ní ó ń san owó ilé ìwé mi.

Mo ní bàbá mi ni.

Wọ́n mú bírò pupa, wọ́n fi ẹnu kékeré kan kún kěn tí mo kọ, wọ́n sì máàkì gbólóhùn náà pé ó tọ̀nà.